Ta ló ń fa kẹ̀kẹ́ ọba? Ìtàn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin láti London dé Àgbómẹ̀, dé ẹsẹ̀ òkè Ìdáàṣà

Ọ̀rọ̀ ẹṣin, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ àti ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́lá la gbé wá lónìí.

Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ìtàn níbí mọ ìbéèrè kan tí kì í tán lẹ́nu àwọn ọmọ. Ìwé tí wọ́n fi Faransé kọ máa ń fi àwòrán hàn wọ́n: ọlọ́lá Yúróòpù jókòó sínú kẹ̀kẹ́, ẹṣin mẹ́rin ń fà á. Ọmọ kan á wá na ọwọ́ sókè pé: "Ọ̀gá, kí ló dé tí àwọn baba ńlá wa kò ní irú èyí? Ṣé wọn ò gbọ́n tó ni?" Ìbéèrè náà dùn wá, nítorí pé ọmọ kì í dédé béèrè bẹ́ẹ̀. Ìwé ló kọ́ ọ kó máa rò bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn wa rèé, kí ẹ tó gbọ́ àlàyé rẹ̀: àwọn ará ilẹ̀ yìí rí kẹ̀kẹ́. Wọ́n lò ó. Kódà wọ́n ṣe é. Ẹṣin tí yóò wà láàyè tí yóò fà á ni kò sí. Níbi tí ọba sì ti fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ tí kò sí ẹṣin, ènìyàn ló di ẹṣin.

Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Ìlú Ọba, ká lè mọ ohun tó wà nínú àwòrán inú ìwé yẹn gan-an.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1784, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin àkọ́kọ́ tó ń kó lẹ́tà ìjọba gbéra láti Bristol lọ sí London. Ẹṣin mẹ́rin ló ń fa irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pààrọ̀ ẹṣin lójú ọ̀nà kí èyí tó ti rẹ̀ lè sinmi. Iṣẹ́ ni nígbà náà, kì í ṣe eré. Ẹni tó ń wà á, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló ń wá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọlọ́lá rí i, ó wù wọ́n. Wọ́n á fún awakọ̀ lówó, kó lè gbé okùn ìjánu lé wọn lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1807, Bensington Driving Club bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1808, Four-Horse Club tẹ̀ lé e. Àwọn ẹgbẹ́ yìí ní aṣọ tiwọn, bí ẹgbẹ́ ṣe máa ń dá ankò lọ́dọ̀ tiwa. Àwọn Four-Horse Club a máa tò tẹ̀ léra wọn láti London lọ jẹun ní Salt Hill. Òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ẹnìkejì rẹ̀ kọjá, ẹṣin kò sì gbọdọ̀ ki eré mọ́lẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe pé wọ́n ń kánjú débì kan. Kí àwọn ènìyàn rí wọn ni wọ́n fẹ́.

Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀ o, a kò ní tàn yín. Ọwọ́ òsì nìkan ni awakọ̀ fi ń di okùn ìjánu ẹṣin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú, pàṣán ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹṣin méjì iwájú gbọ́dọ̀ yà kí méjì ẹ̀yìn tó yà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kẹ̀kẹ́ á dojú dé. Ó gba ọdún púpọ̀ kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1830, rélùwéè bẹ̀rẹ̀ láàárín Liverpool àti Manchester. Kò pẹ́ rárá tó fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lójú ọ̀nà ńlá. Àwọn awakọ̀ tó ń fi í jẹun pàdánù iṣẹ́ wọn. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá tún wá gbèrú: Four-in-Hand Driving Club ní 1856, lẹ́yìn náà Coaching Club, tó kó àwọn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jọ ní Hyde Park ní 1871. Ní 1875, àwọn olówó New York dá tiwọn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ohun tí kò wúlò fún ìrìn àjò mọ́ ti di ọ̀ṣọ́. Ẹni tó lè bọ́ ẹṣin mẹ́rin láìjẹ́ pé ó fi wọ́n ṣe òwò, ẹni náà ni gbogbo ayé mọ̀ pé ó lówó.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn níbẹ̀: nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn, ọlọ́lá fúnra rẹ̀ ló ń wa kẹ̀kẹ́, ẹṣin ló sì ń fà á.

Kẹ̀kẹ́ wà ní Àgbómẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé. Láti Ìdáàṣà sí Àgbómẹ̀ kò jìnnà, ọkọ̀ á gbé yín débẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó sì padà wálé kí oòrùn tó wọ̀. Láyé àtijọ́, ọ̀nà yẹn kan náà ni ogun máa ń gbà wá.

Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn oníṣòwò Yúróòpù tó wà ní Wídà ti ń fi kẹ̀kẹ́ ta àwọn ọba Dàhọ̀mì lọ́rẹ. Ìdí ẹ̀bùn náà kò fara sin: ẹrú ni wọ́n ń rà, ọba ló sì ń tà á. Wọ́n ń wá ojú rere ọba.

Frederick Forbes, ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, dé Àgbómẹ̀ ní 1849 àti 1850, nígbà tí Ghézo wà lórí oyè. Ó wà níbẹ̀ nígbà ọdún ńlá tí ọba máa ń ṣe, ọjọ́ tí wọ́n máa ń kó gbogbo ọrọ̀ ààfin jáde kí ará ìlú rí i. Lára ohun tó rí ni oríṣìíríṣìí kẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ ojú omi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé lé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń fà lórí ilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ onígíláàsì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ní ojú fèrèsé ńlá mẹ́rin. Forbes kọ ọ́ pé oníṣẹ́ ọnà ìlú náà ló ṣe é, ẹni tí orúkọ tó kọ sílẹ̀ jọ ti ìdílé Huntondji, àwọn alágbẹ̀dẹ ọba Àgbómẹ̀. Àwọn ọmọ ìdílé yẹn ṣì wà káàkiri Benin lónìí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń kà á, ẹ gbọ́ o. Alágbẹ̀dẹ wa mọ kẹ̀kẹ́ ṣe. Kì í ṣe ọpọlọ ló wọ́n.

Àmọ́ kò sí ẹṣin níwájú àwọn kẹ̀kẹ́ náà. Ènìyàn ló ń fà wọ́n. Nígbà tí Richard Burton, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, dé ààfin Glèlè ọmọ Ghézo ní òpin 1863, bákan náà ló bá a: kẹ̀kẹ́ lóríṣìíríṣìí, ènìyàn nídìí okùn. Ojú ọ̀nà kan tó gbòòrò tó sì mọ́ wà láàárín Kana àti Àgbómẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà mọ́kànlá péré. Ibi tí ọ̀nà ọba gbòòrò dé nìyẹn. Òyìnbó tó bá ti Wídà wá, orí àwọn aláàárù ni yóò gbà wá, nínú àga okùn tí wọ́n ń pè ní hamac.

Kí ló pa ẹṣin?

Ẹnìkan á ní: ṣé kò sí ẹṣin ní ilẹ̀ Yorùbá ni? Ó wà o. Ẹṣin ló sọ Ọ̀yọ́ di Ọ̀yọ́. Ní 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ya wọ Dàhọ̀mì, ìlú náà sì gbóná mọ́ Agaja lọ́wọ́. Láti àárín ọ̀rúndún yẹn títí di nǹkan bí 1823 tí Ghézo kọ̀ jálẹ̀, Dàhọ̀mì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin. Ẹni tó ní ẹṣin ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní.

Ṣùgbọ́n òkè ọya àti ilẹ̀ àwọn Bàrìbá ni ẹṣin Ọ̀yọ́ ti ń wá. Bí ẹ bá ṣe ń sún mọ́ òkun, bẹ́ẹ̀ ni igbó ń ki sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni eṣinṣin kan tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i. Tsétsé ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé kiri ló ń fa àìsàn oorun lára ènìyàn, ó sì ń pa ẹṣin àti màlúù. Ẹṣin tó bá sọ̀kalẹ̀ wá á rù, á dùbúlẹ̀, á kú. Ìwọ̀nba ẹṣin kékeré tó bá yè, àwọn ìjòyè ló ń gùn ún lọ́jọ́ ọdún. Ta ni yóò fi irú rẹ̀ fa ẹrù?

Nítorí náà, níbi tí kò sí ẹran tí yóò fà á, kẹ̀kẹ́ kò lè dín iṣẹ́ kù fún ẹnikẹ́ni. Ó tún ń fi kún iṣẹ́ ni, nítorí ó ń béèrè ọ̀nà gbòòrò, ọ̀nà gbòòrò sì ń béèrè pé kí wọ́n máa ro ó lọ́dọọdún. Obìnrin tó ru iṣu sórí lè gba ọ̀nà tóóró, ó lè la odò kékeré kọjá, ó lè gun òkè. Orí tó ń ru ẹrù ló bá ilẹ̀ wa mu nígbà yẹn. Àwọn tó yan bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ̀bẹ̀ Glèlè

Glèlè mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ tí ènìyàn ń fà kò tíì pé. Nígbà tí ọ̀gágun Wilmot wá bẹ̀ ẹ́ wò ní àárín òpin 1862 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1863, láti bẹ̀ ẹ́ pé kó jáwọ́ nínú títa ẹrú, ọba ní kí ó bá òun sọ fún Ọbabìnrin Victoria pé òun fẹ́ kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ẹṣin rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé ọdún díẹ̀ péré ló ti kọjá tí Four-in-Hand Driving Club bẹ̀rẹ̀ ní London. Ohun tí àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ ń fi yangàn ni ọba Àgbómẹ̀ náà ń béèrè.

Burton ló mú èsì wá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ó ṣòro láti fi kẹ̀kẹ́ àti ẹṣin ránṣẹ́, pé nítorí bí ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ṣe rí, kò dájú pé ẹṣin náà á dé láàyè. Wọ́n ní bí ọ̀rẹ́ bá dán mọ́rán lọ́jọ́ iwájú, tí ó sì dájú pé ẹṣin lè yè, àwọn á gbìyànjú. Dípò rẹ̀, wọ́n fi àgọ́ aláṣọ sílíkì pupa ránṣẹ́, àti ìkòkò tábà onífàdákà, ìgbànú onífàdákà méjì, àwo onífàdákà, pẹ̀lú ẹ̀wù irin ogun. Inú ọba kò dùn sí i. Kẹ̀kẹ́ ló béèrè.

Burton kúrò ní Àgbómẹ̀ ní oṣù kejì 1864. Ní oṣù kẹta, ọmọ ogun Glèlè dé iwájú odi Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì ṣẹ́gun wọn lẹ́ẹ̀kejì, bí wọ́n ti ṣẹ́gun ti Ghézo ní 1851. Àwọn ará wa ní Kétu kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀: ní 1886, Dàhọ̀mì run ìlú wọn.

Ọmọ Òkè-Odàn nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin

Ìtàn yìí ní apá kan tí a fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀.

Ní 1848, ogun Ghézo kó Òkè-Odàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò. Wọ́n pa àwọn òbí ọmọbìnrin kékeré kan, wọ́n sì mú un lọ sí Àgbómẹ̀. Àìná ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Forbes tí a ti dárúkọ rẹ̀ wá ní 1850, Ghézo fi ọmọ náà ta Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ, bí ẹni fi aṣọ ránṣẹ́. Ọmọ náà kò tíì ju bí ẹni ọdún mẹ́jọ lọ. Forbes gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta. Bonetta ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ó dé iwájú Victoria ní Windsor. Ọbabìnrin sì gbà láti máa san owó ìtọ́jú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 1862, Àìná gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton. James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó, ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n bí sí Sàró, ni ọkọ rẹ̀. Òun náà ló fi owó ran ilé ẹ̀kọ́ CMS Grammar School lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá, tí ẹṣin aláwọ̀ eérú ń fà, ló gbé ìyàwó, ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn, dúdú àti funfun, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará ìlú tú jáde wò wọ́n.

Ẹ wo déètì náà dáadáa. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó yẹn ni Glèlè sọ fún Wilmot pé òun fẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. Ẹrú baba rẹ̀ ti gùn ún ná. Ọba kò rí i gùn.

A kò sọ èyí láti fi Àìná yangàn bí ẹni pé ẹṣin funfun ló wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn. Kò sí ẹni tó bi í léèrè bóyá ó fẹ́ lọ. Ọmọ ọdún mélòó kan ló kúrò nínú okùn Àgbómẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó fi ẹ̀wù ṣẹ́ńjì orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bí ọmọ àkọ́kọ́ ní 1863, tó sọ ọ́ ní Victoria, ilé Yorùbá ní Èkó ni ọmọ náà dàgbà sí. Ó ti padà sọ́dọ̀ àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀.

Òkè wa kò gba kẹ̀kẹ́

Ní ti Ìdáàṣà, ìlú òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń pè é. Igbó Ìdáàṣà la máa ń sọ. Àwọn Fọ̀n ní Dassa-Zoumè, ìyẹn Ìdáàṣà inú igbó. Àwọn àgbà so ìdílé Jagun Ọlọ́fin tó tẹ ìjọba náà dó mọ́ ìhà Ẹ̀gbá. Ẹ ò rí i pé Ẹ̀gbá ní Olúmọ, Ìdáàṣà náà sì ní òkè tirẹ̀. Nígbà tí ogun Dàhọ̀mì bá dé, orí àpáta ni àwọn ènìyàn ń sá gùn. Ìlú tí ogun ń dọdẹ kì í la ọ̀nà gbòòrò fún ọ̀tá. Ọ̀nà tóóró tí ẹnìkan ṣoṣo ń gbà ló ń gba ẹ̀mí là. Bí ọmọ bá wá béèrè pé kí ló dé tí kò sí kẹ̀kẹ́ níbí, ẹ fi òkè hàn án.

Ní oṣù kọkànlá 1892, Faransé wọ Àgbómẹ̀. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ tiwọn dé, ìyẹn rélùwéè, tó ti Kútọnú gba Ìdáàṣà kọjá, tó sì dé Ṣábẹ̀ ní 1911. Ta ló la ilẹ̀, ta ló ru irin? Àwọn ènìyàn wa ni, ọ̀pọ̀ lára wọn lábẹ́ iṣẹ́ tipátipá. Ọdún 1946 ni òfin tó fòpin sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó jáde. Títí di ìgbà tí mọ́tò fi wọ́pọ̀, aṣojú ìjọba Faransé tó bá ń lọ sí abúlé, hamac lórí èjìká àwọn ọmọ wa ló ń gbé e. Ọba yí padà, èjìká kò yí padà.

Ohun tó kù fún wa

Ẹṣin ṣì jẹ́ iyì lọ́dọ̀ wa. Ẹ wo Gaani ní Nikki, bí àwọn Bàrìbá ṣe ń wọ ẹṣin láṣọ. Ẹ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá, bí àwọn ìdílé ẹlẹ́ṣin ṣe ń jó ẹṣin níwájú Awùjalẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé dá aṣọ kan náà. Bí àwọn ọlọ́lá London bá rí i, wọ́n á mọ̀ pé ẹgbẹ́ ń pàdé ẹgbẹ́. Àmọ́ àwọn tiwa ń gun ẹṣin ni, wọn kò jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ẹni gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.

Kẹ̀kẹ́ tí ènìyàn ń fà náà wà síbẹ̀. Ẹ dé ọjà èyíkéyìí. Èyí tí àwa ní Benin ń pè ní pousse, tí ẹ̀yin ní Nàìjíríà ń pè ní ọmọlanke, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń fà á nínú oòrùn, ẹrù àwọn ẹlòmíràn ló kún inú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ìtàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ọmọ bá fi àwòrán kẹ̀kẹ́ ọlọ́lá hàn yín, ẹ má jẹ́ kó wo ẹni tó jókòó nìkan. Ẹ ní kó wo iwájú, níbi tí okùn parí sí. Bó bá jẹ́ ẹṣin ló wà níbẹ̀, ẹ bi í pé ta ló ń bọ́ ẹṣin náà. Bó bá jẹ́ ènìyàn, ẹ bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀. A mọ orúkọ Ghézo, a mọ ti Glèlè. A kò mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó di okùn mú. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ ìbátan wa.

Ẹ̀yin tí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà yín ti sọ ìtàn hamac, ìtàn ojú irin, tàbí ìtàn sísá gun òkè fún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ síhìn-ín fún wa kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó lọ tán.